Béèsì orin kọ̀ǹpútà láti inú yàrá: bí ẹ ṣe máa ṣe é tí yóò fi dún níbi gbogbo

Ìbéèrè kan náà ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe bíìtì ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí ń bi mí léraléra. Bí ti àdúgbò Djassin bá béèrè lónìí, ti àdúgbò Ouando á béèrè lọ́la: “Ẹ̀gbọ́n, béèsì mi ń mi kásìkì tìtì, àmọ́ mo fi orin náà ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi, ó ní òun ò gbọ́ béèsì kankan. Wọ́n tún gbé e sí sono, ẹ̀rọ ohùn ńlá, níbi ìnáwó, gbogbo rẹ̀ di bùùù. Kí ló fà á?”

Ohun tó fà á ni pé béèsì kì í ṣe ohùn kan ṣoṣo. Méjì ni. Ọ̀kan wà nísàlẹ̀ pátápátá, àyà ló ń gbọ́ ọ ju etí lọ. Ìkejì wà lókè rẹ̀ díẹ̀, òun ni etí ń gbá mú. Ẹni tó ṣe ti ìsàlẹ̀ nìkan, fóònù ò ní gbé e jáde. Ẹni tó ṣe ti òkè nìkan, orin rẹ̀ á fúyẹ́ lórí báfulù ńlá. Ẹ ṣe méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ tó so wọ́n pọ̀. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù tí mo kọ síbí, ẹ má gbàgbé èyí.

## Ohun tí ẹ nílò

- Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan. RAM 4 GB lè ṣe é, 8 GB ló tuni lára.
- Kásìkì tó bo etí, tó sì ní okùn. Ẹ má lo ti Bluetooth fún iṣẹ́ yìí, ohùn rẹ̀ máa ń pẹ́ dé: ọwọ́ á ti tẹ nóòtì tán, etí ò ní tíì gbọ́ nǹkan.
- Ètò tí a fi ń ṣe orin: LMMS (ọ̀fẹ́ ni), FL Studio tàbí Reaper.
- Synth kan, ìyẹn ètò tó ń dá ohùn sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà: Vital tàbí Surge XT. Ẹ lè gba méjèèjì lọ́fẹ̀ẹ́.
- SPAN ti Voxengo, ọ̀fẹ́ lòun náà. Òun ni yóò máa fi ohùn hàn yín lójú nígbà tí etí ò bá dá a mọ̀.
- Fóònù lásán kan fún ìdánwò. Bó bá ṣe gbó tó ló ṣe dára tó.

Ẹ má tíì ra subwoofer, báfulù tó ń gbé béèsì nìkan jáde. Ẹ má sì ra kásìkì tí wọ́n ti fi béèsì kún láti ilé iṣẹ́ rẹ̀ wá. Èyí tí olùtajà fi ń polówó rẹ̀ gan-an ni yóò pa yín lára: béèsì tí ẹ kò tíì ṣe, ẹ ó ti máa gbọ́ ọ, ẹ ó sì fi orin tó rù sílẹ̀ lọ sùn.

Ìkìlọ̀ méjì nípa ètò. FL Studio tí a kò tíì rà máa ń jẹ́ kí ẹ tọ́jú iṣẹ́ yín, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí ẹ tún un ṣí. Torí náà, kí ẹ tó pa á, ẹ gbé ipa-ohùn kọ̀ọ̀kan jáde sí fáìlì WAV. LMMS 1.2 ní tiẹ̀ kì í gba plugin (ètò kékeré tí a ń so mọ́ ètò orin) irú ti VST3. Ẹni tó ń lò ó kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú pẹ̀lú Surge XT. TripleOscillator tó wà nínú rẹ̀ tó fún gbogbo ohun tí a fẹ́ ṣe níbí.

Nípa iná. Ẹ jẹ́ kí ètò náà máa tọ́jú iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Bí iná bá lọ, ẹ yọ báfulù kúrò lára iná kó tó padà dé, nítorí bó ṣe máa ń dé lójijì yẹn ló ń ba báfulù jẹ́ ju bó ṣe lọ lọ.

## Kí ẹ tó kọ nóòtì kankan: ẹ wádìí yàrá yín

Ẹni tó bá jẹ́ kásìkì nìkan ló ń lò lè fo ibí yìí. Ẹ̀yin tó ní báfulù nílé, ẹ fara balẹ̀ kà á, ibí ni ọ̀pọ̀ ìṣòro yín ti ń wá.

Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní sẹ́kọ́ńdù kan. Ìgbì ohùn 55 Hz kan gùn ju mítà mẹ́fà lọ. Yàrá tí ọ̀pọ̀ wa ń lò kò tó bẹ́ẹ̀. Ohùn náà yóò kọlu ògiri, yóò padà wá pàdé ara rẹ̀ lójú ọ̀nà. Níbì kan nínú yàrá, á di ìlọ́po méjì. Níbòmíràn, á pa ara rẹ̀ rẹ́. Ẹ lè ṣírò ibi tí yóò ti ga jù. Ẹ mú 343, ìyẹn iye mítà tí ohùn ń rìn ní sẹ́kọ́ńdù kan, kí ẹ fi ìlọ́po méjì gígùn yàrá yín pín in. Yàrá tó gùn ní mítà mẹ́rin, 343 pín sí ọ̀nà 8, ó fún wa ní 43 Hz: nóòtì F ló sún mọ́ ọn jù. Bí ìbú rẹ̀ bá jẹ́ mítà mẹ́ta, 57 Hz ni, àárín A àti A♯. Nínú irú yàrá yìí, F á máa ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, G tó wà láàárín á sì rù. Ẹni tó ń fi etí nìkan ṣiṣẹ́ á dín F kù, á fi kún G. Nígbà tí orin náà bá jáde kúrò nínú yàrá, òdìkejì ni gbogbo ayé á gbọ́.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò nìyí:

1. Ẹ ṣí synth, ẹ yan ìgbì sine lásán, ohùn kan ṣoṣo, kò sí ohun mìíràn lórí rẹ̀.
2. Ẹ jókòó síbi tí ẹ máa ń jókòó ṣiṣẹ́. Ẹ má dìde káàkiri.
3. Ẹ tẹ nóòtì kọ̀ọ̀kan láti E1 (41 Hz) dé E2 (82 Hz), lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ìwọ̀n ohùn kan náà. Mẹ́tàlá ni wọ́n.
4. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: èwo ló ga jù, èwo ló sá lọ, èwo ló mú kí nǹkan mìíràn nínú yàrá máa gbọ̀n.
5. Ẹ sún àga yín síwájú tàbí sẹ́yìn níwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì, ẹ tún un ṣe. Ibi tí nóòtì mẹ́tàlá náà bá ti súnmọ́ra jù ni kí ẹ fi ṣe ibi iṣẹ́.

Ẹ má gbé báfulù sí kọ̀rọ̀ yàrá. Kọ̀rọ̀ ló ń mú béèsì ga jù lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń dùn mọ́ yín létí níbẹ̀.

Ti kí nǹkan máa gbọ̀n yẹn ṣe pàtàkì. Nínú yàrá tèmi, tí mo bá dé A♯, páànù òrùlé á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ìdérí ìkòkò tó wà lórí pẹpẹ á sì máa dá a lóhùn. Ẹni tí kò bá mọ̀ á sọ pé báfulù ti ya, tàbí pé saturation (ohun tó ń mú ohùn le, tó sì ń ya á díẹ̀) ti pọ̀ jù. Bí ẹ bá gbọ́ irú kùn-ún-kùn-ún bẹ́ẹ̀, ẹ fi kásìkì gbọ́ nóòtì kan náà kí ẹ tó yí bọ́tìnnì kankan. Bí kò bá sí nínú kásìkì, ilé ni, kì í ṣe orin. Ní ìgbà òjò, tí páànù bá ti gba ariwo, ẹ gbé báfulù tì, kí ẹ bá kásìkì lọ.

## Apá àkọ́kọ́: ohùn ìsàlẹ̀

1. Ẹ ṣí synth, ẹ pa gbogbo oscillator (ibi tí ohùn ti ń jáde nínú synth) àfi ọ̀kan. Ẹ yan sine. Ẹ pa reverb, chorus àti unison, àwọn ohun tó ń mú ohùn fẹ̀ tàbí dún padà.

2. Ẹ kọ nóòtì A tó jẹ́ 55 Hz. Ẹ ṣọ́ra níbí: nóòtì kan náà yìí, FL Studio ń kọ A2 sí i, Ableton Live ń kọ A0 sí i, ìwé orin sì ń pè é ní A1. Ọ̀pọ̀ tó ń tẹ̀ lé fídíò orí YouTube ló ń fi octave kan (ìlọ́po méjì tàbí ìdajì Hz) ṣìnà nítorí èyí. Nínú ìwé yìí, ti ìwé orin ni mo ń lò.

3. Ẹ wo SPAN. Òkè kan ṣoṣo ló yẹ kí ẹ rí, ní 55. Bí ẹ bá rí òkè kékeré mìíràn ní 110 tàbí 165, nǹkan kan ṣì ń ṣiṣẹ́ tí ẹ kò tíì pa.

4. Ẹ ṣètò envelope, ìyẹn bí ohùn ṣe ń wọlé, tó ń dúró, tó sì ń jáde. Attack (ìwọlé) 5 ms, sustain (ìdúró) kún, release (ìjáde) 60 ms; ms ni ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún sẹ́kọ́ńdù. Bí attack bá jẹ́ òdo, nóòtì kọ̀ọ̀kan á máa ta “tá” níbẹ̀rẹ̀. Bí release bá gùn jù, nóòtì tó ń lọ á gun èyí tó ń bọ̀ lórí, ibẹ̀ sì ni bùùù tí ẹ ń gbọ́ níbi ìnáwó ti ń bẹ̀rẹ̀.

5. Ẹ jẹ́ kí ìgbì máa bẹ̀rẹ̀ láti ibì kan náà. Ẹ wá bọ́tìnnì phase, ẹ sọ pé kó máa padà sí ìbẹ̀rẹ̀ fún nóòtì kọ̀ọ̀kan. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, nóòtì kan á le, èkejì á rọ̀, ẹ ò sì ní mọ ìdí.

6. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ohùn kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Ẹ yan mono nínú synth. Ohùn ìsàlẹ̀ méjì kì í bá ara wọn gbé.

7. Ẹ fi glide (kí ohùn máa yọ́ láti nóòtì kan sí èkejì) sí i, 60 sí 80 ms, kó sì máa ṣiṣẹ́ kìkì nígbà tí nóòtì méjì bá gun ara wọn. Ibí ni ẹni tó dàgbà sídìí gángan ti ní àǹfààní. Ẹ kọ gbólóhùn kan sílẹ̀ ní Yorùbá, ẹ fi àmì ohùn rẹ̀ darí nóòtì: ohùn ìsàlẹ̀ sí E, àárín sí G, òkè sí A, kí ẹ jẹ́ kí glide so wọ́n. Béèsì tó ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sú etí kíákíá.

8. Ẹ fi ìwọ̀n rẹ̀ sí nǹkan bíi -10 dB. Ó kéré lójú yín? Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ti ibi tí nóòtì yẹ kó wà, láàárín E1 àti A1 ni béèsì ti ń ṣe dáadáa jù. C1 jẹ́ 32.7 Hz, ọ̀pọ̀ báfulù tí wọ́n ń yá fún òde kò lè gbé e jáde. Agbára iná ló kàn máa ń jẹ. Bí orin yín bá wà ní C, ẹ lo C2 tó jẹ́ 65 Hz, kí ẹ jẹ́ kó máa sọ̀ kalẹ̀ sí G1 tàbí F1 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

## Apá kejì: ohùn tí etí ń gbá mú

Ọ̀pọ̀ fóònù kò lè gbé ohùn tó wà nísàlẹ̀ 200 Hz jáde dáadáa. 55 Hz wa ti kú síbẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọpọlọ ènìyàn ní ọgbọ́n kan. Bí etí bá gbọ́ 165, 220, 275 àti 330 Hz pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó mọ̀ pé ọmọ ìyá 55 ni gbogbo wọn, á sì fi 55 kún un fúnra rẹ̀, bí kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Iṣẹ́ wa ní apá yìí ni láti bí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn.

1. Ẹ da nóòtì apá àkọ́kọ́ kọ sínú ipa-ohùn tuntun. Ẹ má fọwọ́ kan ti àkọ́kọ́ mọ́.
2. Ẹ yan saw (ìgbì tó ní gbogbo ọmọ wọ̀nyẹn nínú), ẹ fi í sílẹ̀ ní octave kan náà (55 Hz).
3. Ẹ fi asẹ́ high-pass (tó ń gé ìsàlẹ̀) sí 100 Hz, kó má baà bá ohùn ìsàlẹ̀ jà.
4. Ẹ fi asẹ́ low-pass (tó ń gé òkè) sí 400 Hz, kí ẹ wá máa ṣí i díẹ̀díẹ̀ lọ sókè. Ibi tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún bíi kòkòrò létí, ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀. Láàárín 600 àti 1200 ló sábà máa ń dúró.
5. Ẹ fi saturation sí i. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ẹ máa yí i lọ títí ẹ ó fi gbọ́ ìyàtọ̀, kí ẹ dá ìdajì rẹ̀ padà.
6. Ẹ pa ohùn rẹ̀ pátápátá. Ẹ jẹ́ kí kíìkì (ìlù ńlá inú bíìtì) àti ohùn ìsàlẹ̀ máa lọ. Ẹ wá máa gbé ti àárín yìí bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ máa fi fóònù gbọ́ ọ. Ìgbà tí ẹ bá kọ́kọ́ lè fi ẹnu kọ ohùn béèsì náà tẹ̀ lé fóònù, ẹ dúró níbẹ̀.

Detune (yíyí ohùn kúrò lójú nóòtì díẹ̀), níbí nìkan. Bí ẹ bá fẹ́ kó fẹ̀, ẹ fi saw méjì, kí ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀ ní cent mẹ́wàá (1200 cent ló wà nínú octave kan), kí èkejì gòkè ní cent mẹ́wàá. Ẹ má ṣe é lórí ohùn ìsàlẹ̀ láéláé. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀: 55 Hz pẹ̀lú cent mẹ́wàá lókè di 55.32, nísàlẹ̀, ó di 54.68. Ìyàtọ̀ wọn kò pé 0.64 Hz, èyí túmọ̀ sí pé ní nǹkan bíi sẹ́kọ́ńdù kan àbọ̀ sí ìgbà kọ̀ọ̀kan, ohùn méjèèjì á pa ara wọn rẹ́. Béèsì á wá máa lọ, á máa bọ̀, ẹ ó sì máa wá compressor (ohun tó ń tẹ ohùn tó ga mọ́lẹ̀) kiri láti fi wo àìsàn tí ẹ fọwọ́ ara yín dá sílẹ̀.

Àyẹ̀wò phase. Bí ohùn ìsàlẹ̀ àti ti àárín bá ti ń lọ pọ̀, ẹ wá bọ́tìnnì tó ń yí ìgbì padà lórí ọ̀kan nínú wọn, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi èyí tó kún jù sílẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ni, àwọn ènìyàn kì í ṣe é.

## Apá kẹta: béèsì àti kíìkì

Méjèèjì fẹ́ jókòó lórí àga kan náà. Ẹ kọ́kọ́ pinnu ẹni tó ni ìsàlẹ̀. Bí kíìkì yín bá gùn, tó wúwo ní 50 Hz, ẹ jẹ́ kí béèsì wà lókè díẹ̀, ní A1 tàbí C2. Bí kíìkì bá kúrú tó sì le, béèsì ló ni ilẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe sidechain:

1. Ẹ fi compressor sórí béèsì, kí kíìkì máa darí rẹ̀. Nínú FL Studio, Fruity Limiter lè ṣe é. Nínú LMMS, Peak Controller ni ẹ ó lò: ẹ gbé e sórí kíìkì, ẹ so ó mọ́ bọ́tìnnì ohùn béèsì.
2. Attack 1 ms.
3. Release láàárín 80 àti 150 ms.
4. Kí béèsì máa sọ̀ kalẹ̀ ní 4 sí 6 dB nígbà tí kíìkì bá lù, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, àfi tí ẹ bá fẹ́ kó máa mí sókè mí sódò.

Ẹ má jẹ́ kí release kúrú ju 20 ms lọ. Ìgbì 55 Hz kan ń gba nǹkan bíi 18 ms kó tó yí po. Bí compressor bá yára ju ìyẹn lọ, ìgbì kọ̀ọ̀kan ló máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, ohùn á sì ya.

*Ọ̀nà mìíràn fún ẹni tí sidechain sú:* ẹ má lo compressor rárá. Ibi gbogbo tí kíìkì bá lù, ẹ sún ìbẹ̀rẹ̀ nóòtì béèsì síwájú níwọ̀n 1/16 ìlà orin kan. Ní bíìtì 112 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn jẹ́ 134 ms, ó tó fún kíìkì láti sọ tiẹ̀ tán. Èmi fẹ́ràn ọ̀nà yìí jù, nítorí ó máa ń fipá mú ni kọ béèsì tó ní àlàfo.

## Méjì tí gbogbo ènìyàn ń béèrè

Wobble, béèsì tí ohùn rẹ̀ ń ṣí, tó ń pa dé. Ohùn àárín nìkan ni kí ẹ ṣe é sí, kí ti ìsàlẹ̀ dúró jẹ́ẹ́. Ẹ so LFO (ìgbì tó lọ́ra tó ń yí bọ́tìnnì fúnra rẹ̀) mọ́ asẹ́ low-pass, kó máa rìn láàárín 150 àti 1500 Hz. Ẹ jẹ́ kí LFO tẹ̀ lé bíìtì: 1/4 fún èyí tó ń lọ wọ́ọ́rọ́, 1/8 fún èyí tó yára. Bí agogo inú orin yín bá ń lu kónkóló, 1/8 triplet ni kí ẹ mú, èyí tó ń pín ìlù sí mẹ́ta. 1/8 lásán á máa bá agogo jà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ tún yí ìyára LFO padà ní ìlà kẹrin kọ̀ọ̀kan. Wobble tó dúró sójú kan fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ̀rọ ìlọta ni.

Log drum, béèsì tó ń dún bí ìlù nínú amapiano, orin ijó ti South Africa. Sine ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi envelope kan sórí pitch: kó bẹ̀rẹ̀ láti octave kan sókè, kó já bọ́ sórí nóòtì láàárín 40 sí 60 ms. Sustain rẹ̀ òdo, decay (bó ṣe ń pẹ́ kó tó kú) 300 sí 500 ms. Lẹ́yìn náà ni saturation, èyí tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n á fi log drum sí gbogbo àyè. Bí ó bá ti ń lù, ẹ yọ béèsì yòókù kúrò níbẹ̀.

## Bí ẹ bá fẹ́ fi ohun èlò wa ṣe béèsì

Ẹni tó bá rí agídìgbo, kó máa dúpẹ́: béèsì ni láti ilé. Ẹ fi micro (máíkì) sí iwájú ihò àpótí rẹ̀, kó jìnnà níwọ̀n 20 cm. Ẹ ta ahọ́n irin tó gùn jù, ẹ jẹ́ kó dún tán fúnra rẹ̀. Ẹ gbà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin, kí ẹ mú èyí tó mọ́ jù. Nínú kọ̀ǹpútà, ẹ tún ohùn rẹ̀ ṣe kó bá nóòtì mu, ẹ lò ó bí ohùn àárín, kí sine apá àkọ́kọ́ wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ má ṣe fa agídìgbo náà sọ̀ kalẹ̀ ní octave méjì kí ó lè di ohùn ìsàlẹ̀. Ìkọlù ìka lórí irin, tó dára gan-an, á di ẹrẹ̀.

Ìkìlọ̀ nípa iná mànàmáná. 50 Hz ni iná tiwa ní Benin. Bí okùn micro yín bá gba ìró iná, hùn-ún-ùn tí ẹ ó gbọ́ wà ní 50 Hz, G1 sì jẹ́ 49 Hz. Bí orin yín bá wà ní G, méjèèjì á máa lu ara wọn lẹ́ẹ̀kan ní sẹ́kọ́ńdù kan, ẹ ó sì máa rò pé synth ló ní àrùn. Ẹ yọ ṣájà kúrò lára kọ̀ǹpútà nígbà tí ẹ bá ń gba ohùn, kí ẹ lo bátìrì. Bí hùn-ún-ùn bá dákẹ́, ẹ ti mọ ibi tó ti ń wá.

Ní ti ìlù Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu, tàbí ìlù òrìṣà níbikíbi: ẹ má gbé fóònù sẹ́nu ìlù láìtọrọ ààyè lọ́wọ́ àwọn àgbà tó ni í. Èyí tí wọ́n bá ní kí ẹ gbà, ẹ gbà á. Èyí tí wọ́n bá ní kí ẹ má gbà, ẹ má jí i gbà.

## Ohun tí ẹ ń gbọ́ àti ohun tó fà á

- *Ó dún nínú kásìkì, kò dún lórí fóònù:* ohùn àárín kéré. Ẹ padà sí apá kejì, ìgbésẹ̀ 5 àti 6.
- *Bùùù níbi ìnáwó:* release gùn jù, tàbí nǹkan wà nísàlẹ̀ 30 Hz tí ẹ kò gbọ́. Ẹ fi high-pass sí 30 Hz lórí béèsì.
- *Nóòtì kan le, èkejì rọ̀:* phase kò padà sí ìbẹ̀rẹ̀, tàbí yàrá yín ni. Ẹ wo SPAN. Bí òkè wọn bá dọ́gba níbẹ̀, yàrá ni.
- *Béèsì pòórá nígbà tí wọ́n gbé orin sí báfulù kan ṣoṣo:* ẹ ti fi stereo (kí ohùn ọ̀tún àti òsì yàtọ̀) sí ohùn ìsàlẹ̀. Ohun gbogbo tó wà lábẹ́ 120 Hz gbọ́dọ̀ jẹ́ mono, ìyẹn kan náà ní ọ̀tún àti òsì.
- *Orin ya nígbà tí béèsì wọlé:* mita kọjá òdo. Ẹ dín gbogbo ipa-ohùn kù pọ̀, kì í ṣe béèsì nìkan, kí òkè orin máa dé nǹkan bíi -6 dB.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ti ń wá plugin tuntun. Ẹ má fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ máa pa làpálàpá. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, ti mita, ló ń ba orin jẹ́ jù nínú gbogbo èyí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi.

## Bí kò bá sí kọ̀ǹpútà

BandLab ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ó ń jẹ data. FL Studio Mobile, owó ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀nà kan náà ni: ipa-ohùn méjì, sine nísàlẹ̀, saw lókè. Ẹ ṣáà fi kásìkì olókùn sí i, nítorí ẹ ò lè fi báfulù inú fóònù ṣe ohun tí fóònù fúnra rẹ̀ ò lè gbọ́.

## Kí orin tó kúrò lọ́wọ́ yín

- Ẹ gbọ́ ọ lórí fóònù, kí ohùn rẹ̀ má lọ sókè jù. Ṣé ẹ lè fi ẹnu kọ béèsì rẹ̀?
- Ẹ gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ ẹnìkan. Ṣé ilẹ̀kùn ń gbọ̀n lórí nóòtì kan ṣoṣo, àbí lórí gbogbo wọn?
- Ẹ fi orin kan tí ẹ mọ̀ dáadáa sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ní ìwọ̀n ohùn kan náà. Orin tó ga ló máa ń dà bí èyí tó dára, ẹ má jẹ́ kó tàn yín.
- Ẹ fi í sílẹ̀ sùn, kí ẹ tún un gbọ́ láàárọ̀ kí etí tó rẹ̀ yín.

Ẹ gbé e jáde sí WAV, 24 bit, 44.1 kHz. Bí WhatsApp lẹ fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí document, kó lè dé bí ó ṣe rí. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tó ń yá sono lẹ fẹ́ gbé e fún, ẹ fi WAV náà sórí kíléè USB, kí ẹ dé ibẹ̀ kí èrò tó pé. Ẹ ní kó fi ìṣẹ́jú kan gbọ́ ọ. Ẹ má dúró sẹ́nu báfulù. Ẹ lọ sí àárín ibi tí àwọn ènìyàn máa jókòó sí, kí ẹ gbọ́ ọ láti ibẹ̀. Bí béèsì bá pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó kọ́kọ́ wo bọ́tìnnì béèsì orí mixer rẹ̀. Ó ti yí i dé òpin tipẹ́, nítorí orin àná.